S2000, GT86, MX-5: tọ́ọ̀kì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ló dé tí ìrìn wọn ò jọra?

ỌmọAláké (Leeds)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo tún gbé dé.

Toyota GT86 ni mò ń wà, ti ọdún 2013, mánúà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta Honda S2000 rẹ̀, ti ọdún 2005, ó sì ti fi lọ̀ mí kó tó gbé e síta. Ìyá àwọn ọmọ mi ní bí mo bá máa pààrọ̀ ọkọ̀ rárá, kí n kúkú ra Mazda MX-5, irú èyí tó jáde láti 2019 síbí, pé ìyẹn nìkan lòun lè bá mi jókòó sí láìmáa ké pe Jésù ní kọ́nà.

Mo wá kó ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ohun tí mo rí níbẹ̀ sì rú mi lójú. Lítà méjì-méjì ni gbogbo wọn, kò sí tọ́bò lára ọ̀kankan, táyà ẹ̀yìn ló ń ti gbogbo wọn. Ẹ wá wo tọ́ọ̀kì wọn, ìyẹn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí (Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, rpm sì ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan):

S2000: 208 Nm ní 7,500 rpm
GT86: 205 Nm ní 6,400 rpm
MX-5: 205 Nm ní 4,000 rpm

Ṣùgbọ́n tó bá di ti hp (agbára ẹṣin), 240 ni Honda, 200 ni tèmi, 184 ni Mazda. Níbo ni Honda ti rí 40 hp tó fi jù mí lọ nígbà tí tọ́ọ̀kì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba? Àti pé lójú ọ̀nà Yorkshire Dales lọ́jọ́ Sunday, pẹ̀lú ìgbà díẹ̀ tí mo bá gbé e lọ sí pápá ìsáré, ṣé ara èèyàn á mọ ìyàtọ̀ yìí, àbí orí ìwé ló mọ?

RótárìNiMí (Manchester)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo Mazda RX-8 nínú ìwé yín. 211 Nm ní 5,500 rpm, 231 hp ní 8,200. Lítà 1.3 péré, kò sí písítínì kankan nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin, àwọn ọmọ á rí ẹ̀yìn jókòó sí. Owó tí ẹ máa fi pààrọ̀ táyà S2000, ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ ti gbé RX-8 lọ sílé.

Àdùkẹ́Kọ́nà (Milton Keynes)

@RótárìNiMí Wọ́n á gbé e lọ sílé lóòótọ́. Owó tó bá wá kù ni wọ́n á fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe.

RótárìNiMí (Manchester)

Mo kúkú mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yọjú. Ẹ kú ilé o.

MẹkáníìkìMókọ́lá (Ìbàdàn)

Ọmọ Aláké, ìbéèrè rẹ dáa, àwọn tó ń ta ọkọ̀ gan-an ò lè dáhùn rẹ̀. Jẹ́ kí n fi odó ṣàlàyé.

Èèyàn méjì ń gúnyán. Ipá tí ọmọ odó fi ń balẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Ìyẹn ni tọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n èyí ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà 83, ìyẹn ń sọ tirẹ̀ ní ìgbà 70, láàárín àkókò kan náà. Ta ni iyán rẹ̀ máa kọ́kọ́ jinná? Iye iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe láàárín àkókò náà ni hp.

Wá ṣírò ẹ̀. Fi Nm sọ rpm di púpọ̀, fi 9,549 pín in, kílówáàtì ló máa bọ́ sílẹ̀. Sọ kílówáàtì náà di púpọ̀ pẹ̀lú 1.36, hp nìyẹn. Ní 7,000 rpm tí GT86 rẹ ti ń yọ 200 hp, tọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bí 200 Nm. Ní 8,300 tí S2000 ti ń yọ 240, tọ́ọ̀kì tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 203. Ọ̀kan náà ni wọ́n! Gbogbo 40 hp tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn, inú ìyípo 1,300 tí Honda fi jù ọ́ lọ ló ti wá, kò wá láti ibòmíràn. Ní ti Mazda, tó bá fi máa dé 7,000 tó ti ń yọ 184 hp, tọ́ọ̀kì rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 185. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó okun rẹ̀ sí, ní 4,000.

Ìwọ náà á bi mí pé kí ló dé tí àwọn yòókù ò máa yí bíi ti Honda. Wo inú ẹ́ńjìnnì. Fífẹ̀ sílíńdà Honda jẹ́ mílímítà 87, ìrìn písítínì rẹ̀ jẹ́ 84. Ti GT86 jẹ́ 86 sí 86. Ti Mazda jẹ́ 83.5, ìrìn písítínì rẹ̀ sì jẹ́ 91.2. Bí písítínì bá ń rin ọ̀nà jíjìn lọ sókè sódò, tí o tún wá ní kó máa sáré, ohun tó so ó mọ́ kránkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) ló máa jìyà. Honda tí ìrìn tirẹ̀ kúrú, bó bá dé 9,000 rpm, písítínì rẹ̀ ṣì ń sá ní nǹkan bíi mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lójú pópó lọ́dún 1999 mà nìyẹn! Wọ́n ṣe é láti fi ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá Honda sílẹ̀, Shigeru Uehara tó darí iṣẹ́ NSX, ọkọ̀ eré Honda mìíràn, ló sì darí rẹ̀. Wọn ò fi ṣeré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó wà níwájú mi yìí lóhùn, mo ń bọ̀.

TexasVTEC (Houston)

Bàbá Mókọ́lá ti sọ ọ́ tán. Èmi ní S2000, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tó ń wà á kún un.

Kámù, ohun tó ń ti fáàfù ṣí, oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó kéré ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí o bá ń lọ jẹ́jẹ́. Tó bá ti ku díẹ̀ kó tó 6,000 rpm, ọ́ìlì á ti pín-ìnnì kékeré kan wọlé, á so àwọn apá tó ń ṣí fáàfù pọ̀, kámù ńlá á wá gba iṣẹ́. Fáàfù á ṣí jìn sí i, á sì pẹ́ sí i kó tó padé. Ohùn ọkọ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ dé 9,000, ẹ̀rín ni.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: nísàlẹ̀ 6,000, ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá wà ní jíà kẹfà ní 3,000 rpm lójú òpópó I-10, tí Camry V6 dé, ó máa fi mí sílẹ̀, ìyá àgbà tó ń wà á ò sì ní mọ̀ pé ìdíje ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí S2000 sáré gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, jíà méjì, jíà mẹ́ta, kó máa gbé e lọ síbi tí okun rẹ̀ wà.

Honda náà mọ̀. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fún àwa ará Amẹ́ríkà ní lítà 2.2. Wọ́n fa ìrìn písítínì láti 84 sí 90.7, tọ́ọ̀kì wá di 220 Nm, wọ́n sì dá ìyípo rẹ̀ dúró ní nǹkan bí 8,000. Iye hp ò kúrò ní 240. Lójú òpópó, 2.2 yìí dùn ún wà jù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ 9,000 rí, á máa ṣàárò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yúróòpù ṣoríire, lítà méjì yẹn ni wọ́n ń kó wá fún yín títí wọ́n fi kásẹ̀ ọkọ̀ náà nílẹ̀ lọ́dún 2009.

SùúrùLéré (Èkó)

Kí ni gbogbo 205 Nm tẹ́ ẹ ń pín bí ẹran Iléyá yìí? Lexus IS300 tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, tòkunbọ̀ lásán, ẹ́ńjìnnì 2JZ-GE lítà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. 295 Nm ní 3,800 rpm! 215 hp. N kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá 9,000 kankan kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni Camry Muscle V6 tí TexasVTEC ń sọ yẹn, ó kún Èkó fọ́fọ́, 268 hp, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín gbogbo yín lórí Third Mainland.

Àgbà nínú ìdílé 2JZ wá ni èyí tó ní tọ́bò méjì, GTE inú Toyota Supra. Kí ni S2000 níwájú ìyẹn?

MẹkáníìkìMókọ́lá (Ìbàdàn)

@SùúrùLéré Mo ti padà dé. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí 2JZ, ọwọ́ mi ti wọnú ẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Irin ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀, ó sì nípọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń rọ tọ́bò ńlá sí GTE tí kì í fi í fọ́ lójú kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀ àti ìrìn písítínì rẹ̀, 86 sí 86, bákan náà pẹ̀lú GT86 Ọmọ Aláké gẹ́lẹ́. Mẹ́fà ló wà nínú ti Supra, mẹ́rin ló wà nínú tirẹ̀.

Ní ti ìwé o, ṣọ́ra. 280 ni wọ́n kọ sára Supra tí wọ́n tà ní Japan. 280 ni wọ́n kọ sára Skyline GT-R, láti R32 ti 1989 dé R34. 280 náà ni wọ́n kọ sára RX-7 tó kẹ́yìn, àti Lancer Evolution, àti Impreza STI. Ṣé gbogbo ẹ́ńjìnnì ló wá bára wọn mu bẹ́ẹ̀? Rárá o. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Japan ló fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ polówó ju 280 lọ, ọdún 2004 ni Honda Legend tó já okùn náà pẹ̀lú 300. Supra kan náà tí wọ́n kọ 280 sí ní Japan, 320 ni wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, wọ́n yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìwé ìpolówó ní àwọn tó ń jókòó kọ ọ́.

Ó ku jíà. Àbúrò, 208 Nm tí ẹ́ńjìnnì S2000 yọ kọ́ ló ń dé ara táyà. Jíà ló ń sọ ọ́ di púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá lè yí dé 9,000, wọ́n lè fún un ní jíà kúkúrú láìjẹ́ pé ó tètè parí eré rẹ̀. Jíà tó wà ní ìdí S2000 ń sọ ọ́ di ìlọ́po 4.1, wọ́n tún wá fi ìlọ́po 1.16 mìíràn kún un nínú gíábọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ní jíà kan náà, eré kan náà, ohun tó ń dé ilẹ̀ láti ara Honda pọ̀ ju tìrẹ lọ. Ibẹ̀ ni ara rẹ ti máa mọ 40 hp yẹn.

Àdùkẹ́Kọ́nà (Milton Keynes)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ ti sọ ẹ́ńjìnnì délẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó sọ kílò.

S2000 wọn bí 1,260. GT86 wọn bí 1,240. MX-5 mi wọn bí 1,050. Ẹ wá pín hp sí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan: S2000 á ní 190, MX-5 á ní 175, GT86 á ní 161. Ọkọ̀ tí hp rẹ̀ kéré jù lórí ìwé ti fo ẹnìkan kọjá nìyẹn. Láti ìdúró dé máìlì 62 ní wákàtí kan, àwọn tó ṣe wọ́n kọ 6.2 ìṣẹ́jú àáyá fún Honda, 6.5 fún Mazda, 7.6 fún Toyota. Ọmọ Aláké, ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n kọ́nà ni mo bá dé.

MX-5 máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó fẹ́ dojú dé. Sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí awakọ̀ lè máa mọ ibi tí ẹrù ọkọ̀ wà kó tó di pé táyà já. Ní 40 máìlì péré, o ti ń gbádùn ara rẹ, ọlọ́pàá ò sì ní nǹkan kan bá ọ sọ. Bíréèkì rẹ̀ kì í tètè gbóná ní pápá torí pé kò sí ẹrù tó ń dá dúró. Àbùkù rẹ̀: bí ojú ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jó díẹ̀, sítíárìn oníná rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀fẹ́, kì í ròyìn tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ga, kó kọ́kọ́ lọ jókòó sínú rẹ̀ kó tó sanwó.

GT86 ló mọ sítíárìn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú tèmi. Ẹ́ńjìnnì Subaru tó dùbúlẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, òun ló jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Táyà tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́, 215 yíká, irú Michelin Primacy tí wọ́n tún ń fi sí Prius! Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Tetsuya Tada tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ máa yọ́ ní eré kékeré tí èèyàn ṣì lè fà á padà. Ẹni tó bá wá ra táyà fífẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ó ti yára sí i ní kọ́nà lóòótọ́, àmọ́ ó ti gba eré lọ́wọ́ ara rẹ̀.

S2000 ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, òun náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ara rẹ̀ le gan-an fún ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú pátápátá, ìlàjì ẹrù wà níwájú, ìlàjì wà lẹ́yìn. Á dì mọ́lẹ̀, á dì mọ́lẹ̀, á dì mọ́lẹ̀. Ìgbà tó bá wá fẹ́ já, kì í dágbére.

VTECKìíṢeré (Birmingham)

Ohun tó fà á tí kì í fi í dágbére nídìí o, kì í ṣe àjẹ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, láti 1999 dé 2003, wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn débi pé bí táyà bá ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ sókè, iwájú rẹ̀ á máa yí sínú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á yí padà. Ní àárín kọ́nà tí ẹrù jókòó sórí táyà ẹ̀yìn tó wà níta, èyí ń mú ọkọ̀ dúró gírígírí. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì nítorí pé ẹ̀rù bà yín: ẹrù sá lọ síwájú, ẹ̀yìn fúyẹ́, táyà yí kúrò níbi tó kọjú sí. Ìdí ọkọ̀ ti yà fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ò sì tíì fọwọ́ kan sítíárìn. Òjò, táyà tó ti gbó, kòtò kékeré láàárín kọ́nà, èyíkéyìí nínú wọn lè dá a sílẹ̀.

Láti 2004 ni Honda ti tún un ṣe. Wọ́n dín yíyí yẹn kù, wọ́n yí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì padà, wíìlì di 17 dípò 16, táyà ẹ̀yìn di 245 dípò 225. Ọkọ̀ 2005 tí wọ́n fi lọ ẹ̀gbọ́n wa yìí wà lára àwọn tí wọ́n ti tún ṣe. Àmọ́ kò ní VSA tó ń bá awakọ̀ di ọkọ̀ mú bó bá fẹ́ yọ́. 2006 ni ìyẹn dé. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà òtútù, ẹsẹ̀ yín nìkan ni VSA yín.

Sítíárìn rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Ó yá, ó tọ́, kò kàn ń sọ nǹkan kan fún ọwọ́. Tòótọ́ ni Àdùkẹ́ sọ, GT86 lù ú níbẹ̀.

RótárìNiMí (Manchester)

Ṣé ẹ rí i pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń yìn, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ìlàjì-ìlàjì, ẹrù nísàlẹ̀, RX-8 ní gbogbo rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré débi pé wọ́n rí àyè tì í sẹ́yìn kó lọ sísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ohun onígun mẹ́ta méjì (rótọ̀) ló ń yí nínú ilé wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sí 9,000 láìgbọ̀n. Mazda gbé irú ẹ́ńjìnnì yìí, onírótọ̀ mẹ́rin, lọ sí ìdíje Le Mans lọ́dún 1991, ọkọ̀ 787B wọn gba ipò kìíní. Kò sí ilé iṣẹ́ Japan tó tíì ṣe é rí ṣáájú wọn, Toyota ò sì rí i ṣe títí di 2018.

Àdùkẹ́Kọ́nà (Milton Keynes)

@RótárìNiMí Ní ti kọ́nà, mo fún yín. RX-8 mọ kọ́nà gan-an. Ẹ sọ ìyókù fún wọn.

RótárìNiMí (Manchester)

Ó dáa, ó dáa. Ó ń mu epo. Ó ń mu ọ́ìlì pẹ̀lú, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àrùn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: ó ń wọ́n ọ́ìlì díẹ̀ sínú kí àwọn ohun tó wà létí rótọ̀ má bàa jẹ ara wọn. Ẹni tí kò bá ń wo ọ́ìlì, tó ń gbé e jáde fún ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń pa á kó tó gbóná, òun ló ń pa á. Ẹ má rà á láìjẹ́ pé ẹni tó mọ rótárì wọn kọ̀m̀prẹ́ṣàn rẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) nígbà tó gbóná, irinṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́písítínì. Owó orí ọdọọdún rẹ̀ ní Britain náà... ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ míì.

ỌmọAláké (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Mókọ́lá, ọ̀rọ̀ odó yẹn ti yé mi yékéyéké.

Ìbéèrè kan kù. Gbogbo ẹni tó ti wa GT86 ló mọ ihò tó wà láàárín 3,500 sí 4,500 rpm. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á dà bíi pé kò gbọ́. Lójú ọ̀nà Dales, ibẹ̀ gan-an lèèyàn máa ń wà bó bá ń jáde ní kọ́nà ní jíà mẹ́ta. Ṣé 40 hp ni mo nílò, àbí kí n dí ihò yìí?

Àdùkẹ́Kọ́nà (Milton Keynes)

Ẹ dí ihò náà. Bí wọ́n ṣe ṣe páìpù èéfín tó bọ́ sára ẹ́ńjìnnì ló ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìmì afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ò bá àkókò tí fáàfù ń ṣí mu ní ìyípo yẹn. Àwọn tó bá pààrọ̀ páìpù náà, tí wọ́n sì tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣe, ihò yẹn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ fún wọn. Hp tó máa gorí rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ á dà bí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń ṣe insurance yín o.

Toyota náà gbọ́ ariwo yẹn. GR86 tó rọ́pò rẹ̀ ní lítà 2.4, 234 hp, àmọ́ nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni 250 Nm ní 3,700 rpm. Ẹ wo ibi tí 3,700 bọ́ sí! Àárín ihò gan-an ni wọ́n gbé e sí. Díẹ̀ ni wọ́n kó wá sí Britain, wọ́n sì ti tà á tán kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀.

SùúrùLéré (Èkó)

Gbogbo wàhálà yìí, ẹ ra tọ́bò kẹ́ ẹ sinmi. GR Yaris ńkọ́? Civic Type R ńkọ́?

VTECKìíṢeré (Birmingham)

@SùúrùLéré Wọ́n á sinmi lóòótọ́. GR Yaris tó kọ́kọ́ jáde, lítà 1.6, sílíńdà mẹ́ta péré, 261 hp, 360 Nm, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, 1,280 kílò. Lójú ọ̀nà tí òjò ti rọ̀ sí, kò sí ìkankan nínú ọkọ̀ tí a dárúkọ lókè yìí tó máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Type R FK8, 320 hp, 400 Nm láti 2,500 rpm, táyà iwájú ló sì ń fà á. Wọ́n pín ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sí méjì kí sítíárìn má bàa máa já gbà lọ́wọ́ awakọ̀ bí agbára yẹn bá dé. Mo ti wà á, ó ń bani lẹ́rù bó ṣe rọrùn tó.

Ohun tí ẹ ò ní rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá agbára kiri pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dé. Fún ẹni tó fẹ́ débi tó ń lọ, kò sóhun tó dà bíi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa sọ pé Sunday ni tòun.

TexasVTEC (Houston)

@ỌmọAláké Bí èmi bá wà níbẹ̀, kí ni mò ń wádìí sí? 2005, lítà méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ti tún ṣe. Èyí tí mò ń wá nìyẹn, kò sì sí i níbí! Ọkọ̀ yìí kò ní padà pọ̀ sí i láyé, owó rẹ̀ ń gòkè ni. GT86 yín, ẹ lè tún rí òmíràn rà lọ́dún méjì òní.

Àdùkẹ́Kọ́nà (Milton Keynes)

Èmi ò fara mọ́ ọn. Òpópónà Dales ní ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì, àgùntàn láàárín, ìjìnlẹ̀ kọ́nà tí èèyàn ò rí òpin rẹ̀. Níbo lèèyàn ti máa rí 8,300 rpm lò níbẹ̀ ní jíà mẹ́ta? Kó tó débẹ̀ ó ti kọjá òfin. Ibi tí S2000 dùn sí ni pápá. Bí pápá bá jẹ́ ìgbà díẹ̀ lọ́dún, Sunday sì jẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ wà ní 4,000, tó tún fi nǹkan bí igba kílò fúyẹ́ jù, lèèyàn máa lò ní tòótọ́. Ìyàwó yín ló mọ̀ jù nínú gbogbo wa.

ỌmọAláké (Leeds)

@Àdùkẹ́Kọ́nà Mo ṣèèṣì ka ìyẹn sókè nínú ilé. Ó ní kí n kí yín dáadáa.

Mo ti ní kí ẹni náà jẹ́ kí n wá wò ó ní Saturday. Mo kàn fẹ́ mọ bí 9,000 ṣe rí ni. Bàbá Mókọ́lá, kí ni kí n máa wò?

MẹkáníìkìMókọ́lá (Ìbàdàn)

Dé ibẹ̀ kó tó tan iná sí i. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, bi í pé ta ló ní kó gbóná. Ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́: bó bá dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ní iwájú nígbà tí ẹ tan án, ohun tó ń fa ṣéènì tọ́ ló ń gbó, ó ṣe é tún ṣe, fi dín owó rẹ̀ kù.

Yọ ìwọ̀n ọ́ìlì, wò ó. Ẹ́ńjìnnì yìí lè máa jẹ ọ́ìlì bí wọ́n bá ń yí i sókè, ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé ọ́ìlì sínú búùtù. Bó bá ní òun kì í wò ó rárá, máa bọ̀ nílé. Ara sílíńdà rẹ̀ kì í ṣe irin lásán tí a lè gbé lọ kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ bí a ṣe ń ṣe sí ti Lexus níhìn-ín.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni jíà tí wọ́n ṣì yí. Ẹni tó ń sá ní 8,000 ní jíà mẹ́ta, tó fẹ́ wọ mẹ́rin, tó wá já sí méjì. Kọ̀ǹpútà ò lè gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ìyẹn, táyà ló ń yí i tipátipá. Fáàfù lè ti fara pa díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣì máa rìn. Jẹ́ kí wọ́n wọn kọ̀m̀prẹ́ṣàn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o rí i pé wọ́n súnmọ́ ara wọn.

Wọ abẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà lọ́dọ̀ yín máa ń jẹ bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe àláìǹmẹ́ǹtì ẹ̀yìn, wọ́n á gan mọ́nú. Bí wọn ò bá yí, kò sẹ́ni tó lè ṣe àláìǹmẹ́ǹtì rẹ̀, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ sì máa ń já yẹn, àláìǹmẹ́ǹtì ni ẹ̀mí rẹ̀. Wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọjọ́ orí wọn má jìnnà síra. Wo aṣọ òrùlé níbi tó ti ń ká, ibẹ̀ ló máa ń ti ya.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kó o tó wá gbé e lọ sí 9,000. Jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná dáadáa ná.

VTECKìíṢeré (Birmingham)

@ỌmọAláké Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í bóyá òrùlé líle rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí ẹ ò bá ra ọkọ̀ náà, tàbí bẹ́ ẹ bá rà á tẹ́ ò fẹ́ òrùlé, kó má tà á fún ẹlòmíràn. Màá gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Birmingham ní Sunday.